Báwo ni a ṣe lè fi ẹ̀sọ̀ mú kí ẹṣin fọkàn tán wa kí Ojúde Ọba tó dé?

Ọmọ Ilé Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ̀ nípa ẹṣin, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ó ń jẹ mí lọ́kàn gidigidi.

Ìdílé wa wà lára àwọn ìdílé Balógun tí wọ́n máa ń gẹṣin jáde ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, ẹṣin tí a ń háyà ni a máa ń lò. Wọn á kó wọn wá láti Òkè Ọya tàbí láti Ìlọrin nígbà tí ọdún bá ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí yóò gun ẹṣin náà kò ní mọ̀ ọ́n rí, ẹṣin náà kò sì ní mọ ẹni tó gun òun. Lọ́dún yìí, àwọn àgbà ilé pinnu pé kí a ra tiwa, kí a máa tọ́jú rẹ̀ láàrin ilé, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Akọ ẹṣin funfun ni, àwọn tó tà á fún wa sì sọ pé ó ti tó ọmọ ọdún méje. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ènìyàn ń bà á. Bí mo bá wọ inú ilé rẹ̀, yóò yí ìdí sí mi, yóò sì lẹ etí mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè lójijì, ìbáà ṣe láti lé eṣinṣin lásán, yóò gbọ̀n, yóò sì fà sẹ́yìn títí okùn yóò fi le. Èyí ni ó jẹ́ kí n rò pé wọ́n ti nà án púpọ̀ níbi tó ti ń bọ̀.

Àbúrò bàbá mi kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, sọ pé pàṣán nìkan ni ẹṣin gbọ́, àti pé bí mo bá ń kẹ́ ẹ, yóò gbé mi ṣánlẹ̀ lójú gbogbo ìlú. N kò lè bá wọn jiyàn, nítorí pé wọ́n ti gẹṣin jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Ẹ̀yin náà mọ bí Ojúde Ọba ṣe rí: ìlù ń dún láti ìhà gbogbo, ìbọn ṣakabùlà ń bú, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ń jó kọjá pẹ̀lú agbòòrùn àti aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ayàwòrán sì ń sún mọ́ ẹṣin débi pé wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kámẹ́rà kàn án nímú. Láti ọdún 2024 tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin wa ti tàn ká gbogbo ayé, ojú tó ń wò wá tún ti pọ̀ sí i. Bí ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà bá já mọ́ mi lọ́wọ́ láàrin àwọn ọmọdé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà yóò ju ìtìjú lọ.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ẹṣin tó ti dàgbà, tí wọ́n sì ti fi ìyà jẹ, tún fọkàn tán ènìyàn? Bí ó bá ṣeé ṣe, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Oṣù díẹ̀ ṣì wà kí ọdún tó dé.

Dókítà Ẹran, Ṣàgámù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ilé Balógun. Ó ṣeé ṣe dáadáa, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì dí yín lọ́wọ́, nítorí pé ẹṣin tí a bá tọ́jú bó ti yẹ lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ronú kan ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ pe dókítà ẹran kan kó wá yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé pátákò ẹsẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ń nà nítorí oríkunkun, tó sì jẹ́ pé ìrora ni wọ́n ń sá fún.

Ẹnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Eyín ẹṣin kì í dẹ́kun àti máa yọ láti inú erìgì rẹ̀ títí tí yóò fi darúgbó. Bó ṣe ń jẹun, etí eyín náà á di mímú, á sì máa gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ahọ́n, débi pé bí a bá ti fa ìjánu, ojú egbò ni à ń fà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìjánu tí wọ́n tà mọ́ ọn. Orí àlàfo tí kò ní eyín, láàrin eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn, ni irin ìjánu ń jókòó sí, ẹran tó bo egungun níbẹ̀ sì fẹ́lẹ́ púpọ̀. Àwọn ìjánu kan wà tí irin àárín wọn ga, tó máa ń gún òkè ẹnu nígbà tí a bá fà á. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ẹṣin lè fara dà á. Lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó sì di ìjánu mú kí òun má baà ṣubú, ìyà gidi ni. Ẹ tún fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gàárì ń jókòó sí, kí ẹ wò ó bóyá yóò rì wọlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, eṣinṣin tsetse tó ń gbé àrùn trypanosomiasis kiri sì wà lára ohun tó fà á tí ẹṣin kò fi pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn ń fi ẹṣin jagun. Ẹṣin tó bá ní àrùn yìí a máa rù, ibà rẹ̀ a máa lọ a máa bọ̀, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ inú rẹ̀ sì lè wú. Àwa a ní ó ya ọ̀lẹ.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́, síbẹ̀ n ó sọ ọ́, nítorí ẹṣin náà kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé ẹṣin tó gbé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn àwọn tó gbé ìdá 25 sí 30 le, ó sì ń ro wọ́n. Ẹṣin tó wọn 300 kìlógíráàmù kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí 60 lọ, gàárì, agbádá àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ sì wà nínú 60 náà. Bí ẹni tí yóò gùn ún bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ẹṣin tó tóbi jù ú lọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àkókò tí yóò fi wà lórí rẹ̀ kúrú.

Ní ti ẹ̀rù tí ẹ sọ, ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ààbò rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àyàfi ọ̀gangan iwájú orí àti ọ̀gangan ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gba ibi méjèèjì yìí yọ sí i lójijì, ewu ni lójú rẹ̀. Ìhà èjìká ni kí ẹ máa gbà lọ bá a, kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ojú yín rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹṣin a máa ka ojú ènìyàn: ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán ẹni tó ń bínú àti ti ẹni tínú rẹ̀ dùn han àwọn ẹṣin, ìgbà tí wọ́n rí ti ẹni tó ń bínú ni wọ́n yí orí láti fi ojú òsì wò ó, tí ọkàn wọn sì yára lù.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ pàṣán. Kò sí iyèméjì pé ẹṣin tí a nà yóò rìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ ni pé ènìyàn jẹ́ ohun tí a ń sá fún, ìwọ̀nba ìgbà tí ẹ̀rù pàṣán bá sì ju ẹ̀rù yòókù lọ nìkan ni yóò gbọ́ràn. Ní Ojúde Ọba, nígbà tí ìbọn bá dún létí rẹ̀, ẹ̀rù ìbọn ni yóò tóbi jù, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní ohun kankan lọ́wọ́ mọ́ tí yóò fi dá a dúró.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ọmọ mi, inú mi dùn sí ìbéèrè rẹ, ó sì dùn mọ́ mi pé ilé yín ra ẹṣin tirẹ̀. Má ṣe bá àbúrò bàbá rẹ jà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jẹ́ òtítọ́, nítorí pé ẹṣin tí kò ka ẹni tó gùn ún sí léwu púpọ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà dé ibẹ̀ ni èmi àti wọn kò jọ rí bákan náà. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, mo sì ti rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí lára ẹṣin ju lára ohunkóhun mìíràn lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, Hausa kan ni ó ń tọ́jú ẹṣin ilé wa. Bí wọ́n bá mú ẹṣin tuntun wálé, kì í wá ọ̀nà láti fọwọ́ kàn án rárá. Yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí tòsí ibi tí ẹṣin náà wà, yóò kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, yóò máa hun okùn, yóò sì máa kọrin ní ohùn ìsàlẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ẹṣin náà á wò ó títí, á máa gbọ́ òórùn rẹ̀, á tún padà sídìí koríko. Ní ọjọ́ tí ó bá fúnra rẹ̀ na ọrùn wá láti gbóòórùn èjìká ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà kò ní yíjú sí i, kò sì ní gbé ọwọ́. Yóò dìde wọ́ọ́rọ́, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ńṣe ni ó ń jẹ́ kí ẹṣin náà rí i pé kò sí ìyà nínú sísúnmọ́ ènìyàn, àti pé òun ni ó ni ìpinnu àtisúnmọ́ni. Ẹṣin tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí kì í pẹ́ tí yóò fi máa yán nígbà tí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa gbé oúnjẹ àti omi fún un. Má ṣe rán ọmọdé, má sì ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń bọ́ ọ lónìí yàtọ̀ sí ẹni tí yóò bọ́ ọ lọ́la. Inú igbá tàbí inú abọ́ ni kí o gbé e sí, má fi ọwọ́ lásán nà án sí i lẹ́nu, kó má baà kọ́ láti máa ge ọwọ́ kiri. Koríko ni kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, kò sì lè bì ohun tó bá ti jẹ. Mo mọ àwọn tó máa ń rọ ọkà bàbà fún ẹṣin nígbà tí ọdún bá ń súnmọ́, kí ara rẹ̀ lè máa yá gágá. Inú rírun ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, inú rírun sì ń pa ẹṣin.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń lé ẹṣin yíká inú ọgbà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, tí yóò wá fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Mo ti rí i tí ó yá kánkán, n kò sì lòdì sí i bí àkókò bá kúrú.

Ọmọ Ilé Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Dókítà kan ti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá ojú egbò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti bá wa rẹ́ eyín náà kó lè dán. Ó ní kí a má ṣe fi irin kankan sí i lẹ́nu títí egbò náà yóò fi jinná, àbúrò bàbá mi sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó fi egbò náà hàn wá. Wọn kò sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹṣin ti jẹun.

Mo ti ń jókòó tì í bí Bàbá ṣe sọ, ó sì ti ń jẹun nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni okùn: bí mo bá ti fà á díẹ̀, yóò gbé orí sókè, yóò sì fà sẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ láti tẹ̀ lé mi? Kí sì ni kí n ṣe nípa ìlù àti ìbọn?

Ìyá Ọlọ́gbà Ẹṣin, Ọ̀dọ̀gbólú:

Mo kí Bàbá wa, mo sì kí Dókítà. Èmi náà ń tọ́ ẹṣin ní Ọ̀dọ̀gbólú, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ okùn tí ẹ bèèrè yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé lórí, nítorí náà n ó sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Nígbà tí a bá fa okùn, ẹṣin kò mọ ohun tí à ń fẹ́. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan kan ń fún òun lórí, yóò sì máa dán oríṣiríṣi nǹkan wò: yóò gbé orí, yóò dúró gbagidi, yóò fà sẹ́yìn, yóò yí ọrùn. Ọ̀kan nínú ohun tí yóò dán wò ni pé kí ó fi ara sún síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúwo rẹ̀ nìkan ló sún, tí ẹsẹ̀ kò tíì gbéra. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni kí ẹ dẹ okùn pátápátá. Ìgbà tí a bá dẹ ọwọ́ ni ẹṣin ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe ni ó tọ̀nà. Kò kọ́ nǹkan kan nínú fífà. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́, yóò ti ṣe nǹkan mìíràn, nǹkan mìíràn yẹn ni yóò sì rò pé ó gba òun sílẹ̀. Ẹ wá wo ẹṣin tiyín: nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn, kí ni àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń ṣe? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jù okùn sílẹ̀ kí ó má baà gbá wọn ṣubú, kí wọ́n sì wá pàṣán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ pé fífà sẹ́yìn ni ó ń mú kí okùn dẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá fà sẹ́yìn, ẹ má ṣe bá a fà á, kò sí ènìyàn tó lágbára tó ẹṣin. Ẹ sì má ṣe jù ú sílẹ̀. Ẹ bá a rìn sẹ́yìn, kí okùn wà ní ìwọ̀n kan náà, láì le sí i, láì dẹ̀, títí tí yóò fi dúró, tí yóò sì sún orí síwájú bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ wá dẹ̀ ẹ́ nígbà náà, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Òun á sábà lá ẹnu tàbí kó máa jẹnu lásán lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ń pe èyí ní àmì ìtẹríba. Lójú tèmi, ara tó ti le tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, ó sì yẹ kí a fún un láyè kó rọ̀ tán. Ẹ má ṣe pẹ́ nídìí rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ní òwúrọ̀, ìgbà díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì dúró nígbà tí ó bá ṣe dáadáa.

Bí ó bá ti gbà kí ẹ fọwọ́ kan òun, ìdí ọrùn, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin máa ń bá ara wọn yún, àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn láti ọdún 1993 pé bí a bá ń yún ẹṣin níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa rọra lù sí i. Ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lọ́rùn bí àwọn ènìyàn ti ń ṣe láti yìn ín. Kò sí ẹṣin tó ń gbá ẹṣin láti yìn ín.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, lórí ọ̀rọ̀ lílé ẹṣin yíká ni mo fẹ́ fi èrò tèmi kún un. Òótọ́ ni pé ó ń yá. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a lé títí tó fi rẹ̀ ẹ́, tó wá tẹ̀ lé wa, ìsinmi ni ó wá bá lọ́dọ̀ wa nítorí pé àwa náà ni a fi ìsinmi dù ú. Fún ẹṣin tí wọ́n ti ń lé kiri pẹ̀lú pàṣán tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀nà ọkùnrin Hausa tí ẹ sọ yẹn sàn jù lọ, bó tilẹ̀ ń falẹ̀.

Ẹ wá ṣọ́ ara yín pẹ̀lú. Ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ẹṣin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hans, tí gbogbo ayé rò pé ó mọ ìṣirò, nítorí pé yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi dé iye tó jẹ́ ìdáhùn. Oskar Pfungst ni ó wádìí rẹ̀, tó sì fi hàn ní ọdún 1907 pé ara ẹni tó ń bi í léèrè ni Hans ń wò. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dé iye tó tọ́, ẹni náà yóò mi orí díẹ̀ láìmọ̀, Hans yóò sì dúró. Bí ẹṣin bá lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ó dájú pé yóò mọ̀ nígbà tí ẹ bá di èémí mú nítorí pé ẹ gbọ́ ìlù lókèèrè. Ẹ máa mí jáde gígùn. Ẹ máa jẹ́ kí èjìká yín rọ̀.

Ní ti ìlù, ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ máa gbé e dún ní ìwọ̀nba tí kò ní mú kó gbé orí kúrò nínú koríko, nígbà tí ó bá ń jẹun. Etí ẹṣin gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ, nítorí náà bí ohùn ṣe rí létí yín lè má jẹ́ bó ṣe rí létí tirẹ̀. Òun ni kí ẹ máa wò, ẹ má ṣe gbára lé etí tiyín. Bí ó bá dẹ́kun jíjẹ, tó na etí, tó sì gbé orí sókè, ẹ ti yára jù. Ẹ dín in kù. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ bẹ onílùú kan kó máa lù ní ìparí àdúgbò, kó sì máa sún mọ́ yín láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú agbòòrùn, pípadé kí ó tó di ṣíṣí, àti ṣaworo, ẹyọ kan kí ó tó di odindi ọ̀wọ́. Ẹ wọ agbádá yín lọ bá a lójoojúmọ́, nítorí pé ẹni tó ń wọ búbá lọ tọ́jú ẹṣin, tó wá wọ agbádá ńlá gùn ún ní ọjọ́ ọdún, àlejò ni lójú rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí ẹṣin àgbà kan tí ariwo kò ka láyà mọ́, ẹ so wọ́n sí tòsí ara wọn ní gbogbo àkókò yìí. Ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà a máa balẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé èkejì rẹ̀ kò sá.

Ìbọn ni ó le jù, fóònù kò sì lè gbé ìró rẹ̀ àti bó ṣe ń mi ilẹ̀. Ẹ̀yìn odi ìlú, níbi tó jìnnà dáadáa, ni kí ẹ ti jẹ́ kí ọlọ́dẹ kan yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí oúnjẹ tó fẹ́ràn jù sì dé iwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà lójú ẹsẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Ilé Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dán ọ̀rọ̀ okùn náà wò ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo sì rí ibi tí ó ti sún síwájú tí mo dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti bèèrè èyí tó kù: bí ọdún bá dé tí ìbọn kò tíì mọ́ ọn lára ńkọ́? Àwọn àgbà ilé ti ná owó púpọ̀ sórí rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gbà Ẹṣin, Ọ̀dọ̀gbólú:

Ẹ má gùn ún lọ́dún yìí nígbà náà. Ẹ fi okùn mú un wá sí ibi tí yóò ti máa gbọ́ ìró ọdún lókèèrè, kí ó jẹ koríko rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì mú un padà sílé. Owó tí wọ́n ná kò ṣègbé. Ẹṣin tó bá gbọ́ Ojúde Ọba lọ́dún yìí láìsí ìyà yóò rọrùn láti gùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Mo gbà pẹ̀lú ìyá yìí, mo sì gba àtúnṣe rẹ̀ lórí lílé ẹṣin yíká. Ọmọ mi, lọ sọ fún àwọn àgbà ilé yín nísinsìnyí, má dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Sọ fún wọn pé kí wọ́n háyà ẹṣin kan tó ti mọ Ojúde Ọba sí ìpamọ́, bóyá o gun tìrẹ tàbí o kò gùn ún: bí tìrẹ bá ti ṣetán, kí èyí tí a háyà máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí kò bá tíì ṣetán, kí o gun èyí tí a háyà. Kí o sì bá àwọn tó ń yìn ìbọn fún ilé yín sọ̀rọ̀ pé iwájú ni kí wọ́n máa wà, níbi tí ẹṣin ti lè rí wọn, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè sí ọ kí wọ́n tó yìn ín, kí o lè ráyè mí jáde, kí o sì dẹ ìjánu.